Màámi, Ike Gìtá Mi Ti Funfun

Màámi ọ̀wọ́n,

Ibi yòówù tí ẹ bá wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi pọ̀, n kò sì mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ sọ. Mo ti dé inú tẹlifíṣọ̀n! Èmi ọmọ yín yìí, pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, láàárín ọkùnrin mẹ́fà! Ọ̀sán Sọ́ńdè tó kọjá ni wọ́n gbé ètò náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo ra gìtá oníná kan ní Láfẹ́nwá, lọ́wọ́ bàbá kan tó ti ń fi í kọrin nílé ọtí láti ìgbà èwe rẹ̀, àmọ́ tí àrùn oríkèé kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ ká dáadáa mọ́. Igi gìtá náà dára, ohùn rẹ̀ sì dùn. Àwọn ike ara rẹ̀ ni kò ṣe é wò. Ike pẹlẹbẹ tó bo àyà rẹ̀, bọ́tìnì mẹ́ta tí a fi ń yí ohùn sókè sódò, àti àwọn ìdérí kéékèèké tó wà lábẹ́ okùn, funfun ló yẹ kí gbogbo wọn jẹ́. Wọ́n ti pupa rúsúrúsú, bí eyín ẹni tí kì í fi obì sílẹ̀.

N kò kà á sí. Ohùn ni mo rà. Àfi ìgbà tí wọ́n pe ẹgbẹ́ olórin wa sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pé ká wá kọ orin mẹ́ta. Bọ̀ọ̀dá Láyí tó jẹ́ ọ̀gá wa wo gìtá mi lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Kálà ni wọ́n fi ń yàwòrán báyìí o," ó ní. "Èyí tó o gbé kọ́rùn yìí, àwọn èèyàn á ní orí àkìtàn la ti ṣà á. Tí kò bá mọ́ kó tó di Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Kúnlé ló máa dúró sípò ẹ. Gìtá tiẹ̀ ṣì ń dán."

Kúnlé! Kúnlé tí kì í mọ̀gbà tí okùn tirẹ̀ bá dẹ̀! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ike lọ. Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọn ò fẹ́ obìnrin láàárín wọn, àwáwí tí wọn ó fi lé mi ni wọ́n ń wá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tẹ́ gìtá náà sórí ẹní nínú yàrá yín ní Ìjemọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti padà sínú yàrá yín. Ibẹ̀ ni mo ti ń wọkọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ní Òṣíẹ̀lẹ̀ láràárọ̀. Mo fi sukudiráfà tú u palẹ̀, mo sì ya bí wáyà kọ̀ọ̀kan ṣe so sínú ìwé kí n má baà so ó gbòdì. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo mú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Màámi, omi yẹn dà bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí! Èéfín sìgá gbogbo àwọn ọ̀mùtí yẹn ni. Nígbà tí mo nu ike àyà rẹ̀ gbẹ tí mo rí i pó ti funfun, ńṣe ni mo fò sókè.

Àmọ́ àwọn bọ́tìnì àti ìdérí kéékèèké, wọn ò yí padà. Tiwọn kì í ṣe èéfín. Ogbó ló mú kí wọ́n pọ́n láti inú wá. Mo fi ọṣẹ ìfọyín ha wọ́n, mo fi eérú, pàbó ló já sí. Inú bí mi, mo rẹ òwú sínú oògùn tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, mo fi nu bọ́tìnì kan. Ike bá rọ̀ bí àbẹ́là tó rí iná, àmì àtàǹpàkò mi wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ẹ̀yin ni mo ń rò. Ẹ̀yin aláró lẹ mọ ọ̀rọ̀ àwọ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, tí ẹ ó tẹ́ ẹ sí oòrùn, tí ẹ ó máa kùn yùn-ùn yí i ká láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbẹ. Kí lẹ̀ bá ṣe sí ike tó pọ́n? Ẹ̀yin náà sì lẹ gba gìtá onígi tí ọ̀gá akọrin ìjọ wa yá mi, tí ẹ gbé e padà fún un, tí ẹ ní kó má tún yá mi mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Kí ló dé, Màámi? Mo ti fẹ́ bi yín nígbà púpọ̀, ìbínú ò jẹ́. Mo gba iṣẹ́ tíṣà, mo kó jáde nílé. Ọdún kejì rèé tí ẹ ti fayé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó àwọn ike náà lọ bá Àǹtí Rísì tó ń ṣerun nísàlẹ̀ ilé wa. Mo ní ìpara tí wọ́n fi ń sọ irun dúdú di pupa ni mo fẹ́ fi dán an wò. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bó bá lè bọ́ àwọ̀ lára irun, ike wo ló máa lágídí sí i? Ó yá, gbé e wá. Ṣùgbọ́n wọ ìbọ̀wọ́ o, kó má bó ẹ lọ́wọ́."

Ó kun ìpara funfun náà sí wọn, a fi ọ̀rá wé wọn kó má baà gbẹ, mo sì lọ sá wọn sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Ìyá Sàídì tí ẹ jọ ń rẹ aró wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń sá aṣọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé ohun tí mo ń ṣe fún un. Ó pòṣé.

"Ojú kan lo wá fi í sí? Á ṣe àbàwọ́n. Máa yí i, ọmọ mi."

Ó sì jókòó tì mí, ó ń bá mi yí i. Ike ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ìwọ àti gìtá yìí. Ọdún tẹ́ ẹ ṣàríyá òpin ọdún nílé ìwé yín, tó o ta gìtá fáwọn ọmọ, èmi àti ìyá ẹ la jọ wá."

"Ẹ wá kẹ̀? Mi ò rí yín, mà."

"Abẹ́ máńgòrò la dúró sí. Ó ní tó o bá rí òun, ọwọ́ ẹ á gbọ̀n. Nígbà tó o parí, ó ń nujú. Ó ní òun ló gba nǹkan yìí lọ́wọ́ ọmọ òun. Mo ní kó wá sọ fún ẹ. Ó ní ojú ń ti òun."

Mo ṣáà ń yí ike. Ẹ wọkọ̀ débẹ̀, Màámi? Ẹ gbọ́ orin mi, ẹ tún padà sílé láìkí mi? Orin wo lẹ gbọ́? Ṣé èyí tí mo ti ṣìṣe láàárín rẹ̀ ni?

Oòrùn ọjọ́ mẹ́ta ló gbà. Nígbà tí mo ṣan wọ́n tán, wọ́n funfun bí inú àgbọn! Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí Rísì fi sáré jáde pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Mo to gìtá náà padà, nígbà tó sì di ọjọ́ Sátidé, Bọ̀ọ̀dá Láyí rí mi lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Lọ́wọ́ ta lo ti yá tuntun?"

"Tèmi náà ni, sà."

Ó fọwọ́ pa á, ó yí i wò. "Kúnlé," ó ní, "lọ bá wọn gbé ampilifáyà."

Nígbà tí wọ́n ń yàwòrán wa, ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá!

Nígbà tí wọ́n wá gbé ètò náà jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, gbogbo agboolé pé sọ́dọ̀ Àǹtí Rísì. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Dúdú-òun-funfun ni tẹlifíṣọ̀n rẹ̀! Gbogbo làálàá mi lórí àwọ̀! A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Bó ti parí, Ìyá Sàídì ní kí n gbé gìtá yẹn jáde, òun fẹ́ gbọ́ ọ lójúkojú. Mo fa wáyà gba ojú fèrèsé, mo ta á ní àárín agboolé títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Ìyá Sàídì gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó ń lọ ṣe àlùwàlá, ó sì ń jó lọ.

Màámi, mi ò bínú mọ́. Tẹlifíṣọ̀n ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí gan-an ni mo jókòó kọ̀wé sí yín láti sọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín mọ́.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín dọ́kàn.