Aṣọ Tí A Là ní Abíyá

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ní yàrá tí àbígbẹ̀yìn mi ti ń tún aṣọ ògbólógbòó ṣe. Abẹ́rẹ́ ni mò ń pè é nínú ìwé yìí – ó kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Nínú àwọn ọmọ mi, òun nìkan ló ṣì ń ṣílẹ̀kùn fún mi. Iṣẹ́ mi: kí n máa já bọ́tìnì kúrò lára èyí tó ti gbó kọjá àtúnṣe. A kì í da nǹkan nù níbẹ̀. Àkísà pàápàá ní ìlò.

Oníbàárà kan bi mí pé ọjọ́ wo ni mo máa parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wọn ò tíì gún ara wọn lọ́wọ́ tó."

Ọjọ́rú, 6
Àpò ńlá kan dé láti ibi tí ilé-iṣẹ́ kan ń da ẹrù sí. Aṣọ tuntun ni gbogbo rẹ̀, ìwé iye owó ṣì so mọ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ti la ọ̀kọ̀ọ̀kan láti abíyá dé ìbàdí. Abẹ́rẹ́ gbé ọ̀kan sókè. "Bàbá, ẹ wo nǹkan. Ta ló ń ṣe irú èyí, kí ló sì ń wá?"

Mo ní n kò mọ̀.

Mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7
N kò lọ. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti jẹ́ ọ̀gá, aṣọ tí kò bá tà, a kì í dín owó rẹ̀, a kì í fi tọrẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ á là á, a ó dà á nù, kí owó ọjà tuntun má baà já wálẹ̀. Èmi ló yan abíyá. Mo bi télọ̀ wa léèrè ibi tó le jù láti rán padà kó má hàn.

Obìnrin kan nínú àwọn tó ń là á bẹ̀ mí fún ẹ̀wù kan, òtútù ń mú ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Bí mo bá fún ọ, àwọn yòókù náà á nawọ́." Mo dúró tì í títí ó fi la ẹ̀wù náà. Kò wo ojú mi.

Ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe láílọ́ọ̀nù, ló pọ̀ nínú òwú aṣọ wa. Kì í jẹrà. Gbogbo òkìtì yẹn ṣì wà níbì kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Mo padà lọ. Abẹ́rẹ́ ti dá ọgbọ́n: ó ń fi ọ̀já aṣọ aláwọ̀ mìíràn dí ojú ibi tí wọ́n là, kò fi pamọ́ rárá. Àwọn oníbàárà ti ń béèrè fún un. Ó wọn ọ̀kan mọ́ mi láyà. "Ó bá yín mu. Ẹni tó là á rò pé òun ti pa á."

Bí mo bá sọ ọ́, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó kù fún mi lè tì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Mo sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀, títí kan ti obìnrin yẹn.

Abẹ́rẹ́ ránṣọ lọ títí dé òpin ìlà, ó já òwú. Ó béèrè orúkọ obìnrin náà. N kò bi obìnrin náà rí.

Ó ní, "Nígbà yẹn, ọ̀gá wọn lẹ jẹ́. Lọ́jọ́rú tí àpò yìí dé ńkọ́, Bàbá? Lọ́jọ́rú, èmi ni mo bi yín léèrè."

Ó fa aṣọ mìíràn yọ nínú àpò. Kò ní kí n máa lọ. Kò sì ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.