Méjì Kékeré Tó Já Bọ́ Lórí Búlọ́ọ̀gì Kíláàsì Mi

Ọjọ́bọ̀, Àkúrẹ́.

5² ni mo tẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gì kíláàsì mi. Lórí fóònù àwọn ọmọ, méjì kékeré náà já bọ́ sílẹ̀, ó di 52. Gbogbo wọn fi 52 ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, gbogbo wọn sì gbòdo.

Mo bi Tóbi, tó mọ ìṣirò jù nínú wọn, pé ṣé kò fura ni. Ó wolẹ̀.

"A rí i, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ta ló máa sọ pé ẹ ṣì í kọ?"

Mo pe àbúrò mi ní Oǹdó, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n fi kóòdù kan tó máa gbé méjì náà sókè sí i. Mo fi sí i, àmì dọ́là ($) inú kóòdù náà ló wá kún ojú ìwé búlọ́ọ̀gì. Ó ti sú mi.

Kí a tó jáde ní kíláàsì, mo ní tí mo bá ṣi nǹkan kọ, kí wọ́n máa sọ fún mi. Wọ́n ní, "Yẹs, mà." Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́jọ.

Gbogbo wọn dà á kọ. Tóbi tilẹ̀ fi rúlà fàlà sí i nídìí.