Ẹyẹ Tí N Kò Rí

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi rèé nínú ilé yìí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ méjì la gba yàrá lọ́wọ́ Ìyá Onílé: èmi lẹ́yìn, Súfèé níwájú. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Súfèé, kò mọ̀. Àtàárọ̀ ló ti máa ń fọn súfèé, títí kan inú ilé ìwẹ̀.

Lónìí, Ọ̀gá Ẹyẹ, olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ẹyẹ, fún wa níṣẹ́. Kí oníkálukú ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé ibi tó ń gbé, kó kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀: orúkọ, aago, ohun tó ń ṣe. Ó wá wo èmi àti Súfèé. Ó ní ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ jọ ń gbélé kan náà, ojú òun ń bẹ lára yín. Ẹni tó bá jí iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ kọ, òdo ni; ẹni tó bá sì gba òdo lọ́wọ́ òun, kó máa lọ di ẹrù rẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ojú wo ni n ó fi di ẹrù padà lọ bá ìyá mi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ẹ̀yìnkùlé: ẹ̀rọ omi kan. Okùn aṣọ méjì. Igi eléso kan tí kò so. Ògbólógbòó òpó iná onígi tí wọ́n ti já wáyà rẹ̀, lẹ́bàá ògiri.

Láàárọ̀, ìdí ẹ̀rọ omi ni gbogbo ilé wà. Àwọn ará ilé kejì náà ń wá pọn, tiwọn ti bàjẹ́. Àwàdà lọ́tùn-ún, ẹ̀fẹ̀ lósì. Wọ́n á ní kí èmi náà wí nǹkan. Nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni mo yàn, aago márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀. Kò séèyàn. Èmi àti ẹyẹ.

Ẹ̀gà mọ́kànlá. Àdàbà méjì. Alápàńdẹ̀dẹ̀ — n kò lè ka iye. Kannakánná kan tó ń wò mí bí ọlọ́pàá.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ẹyẹ kékeré kan dà mí láàmú. Ológoṣẹ́ ni àbí abo ẹ̀gà? Ẹnu rẹ̀ nípọn, àyà rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo kọ abo ẹ̀gà.

Ohun mìíràn. Yàrá mi ń jò, orí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń fi ìwé ẹyẹ sí. Lánàá mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Lónìí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Rọ́bà tí mo fi dì í pupa. Èyí tó wà lára rẹ̀ báyìí dúdú.

Ta ló tú u?

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Súfèé bi mí pé irú ẹyẹ mélòó ni mo ti rí. Mo ní díẹ̀. Ó ní, “Díẹ̀ mélòó, Ìgbín?” Orúkọ tí òun náà sọ mí nìyẹn, torí pé béèyàn bá ti yọ, mo ti wọ ìkarahun. Ó ní òun ti rí mẹ́sàn-án.

Méje lèmi rí. Èmi tí mò ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. N kò sì rí òun lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́ rí. Níbo ló ti rí mẹ́sàn-án?

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ìyá Onílé gbaná jẹ. Ta ló ń kan ìṣó mọ́ ògiri òun ní kùtùkùtù, gbà-gbà-gbà, bíi káfíńtà? “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, bẹ́ ẹ bá wó ilé mọ́ mi lórí, inú ìwé yín ni n ó máa sùn.” Súfèé ní òun rò pé èmi ni. Ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

Èmi náà ti gbọ́ ìró yẹn lójú oorun, mo kàn fi aṣọ borí ni. Òun ni. Kí ló ń kàn?

Ọjọ́ Ajé, 13

Ìwé tún ti kúrò níbi tí mo fi í sí. Àmì àtàǹpàkò tútù kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti ìdí ẹ̀rọ omi bọ̀ ni.

Ọjọ́rú, 15

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Mo ti dẹ pàkúté.

Mo kọ ẹyẹ tí n kò rí sínú ìwé: *Àkókó, ẹyọ kan, orí òpó iná, ó ń sọ igi. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.* Mo fara balẹ̀ yan àkókó. Igi ńlá ló ń wá, igbó ló ń gbé. Kí ni yóò wá ṣe láàárín okùn aṣọ? Bó bá jáde nínú ìwé Súfèé, inú tèmi ló ti fò lọ. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́, kí n lè pa á rẹ́ kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ẹ̀gà. Ẹ̀gà nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Súfèé gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, ó wọlé ìwẹ̀. Mo ṣí i. (N kò ní purọ́ fún ìwé ara mi.)

Ìlà kejìlá. *Àkókó. Ẹyọ kan. Lórí òpó iná. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.*

Ó yí aago díẹ̀ kó má baà jọ tèmi. Olè ọlọ́gbọ́n. Ó ń fọn súfèé nínú omi lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Ó kí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Bí n kò bá tètè sọ̀rọ̀, èmi ni wọn yóò pè lólè. Mo kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá Ẹyẹ. Mo ní kò sí àkókó lẹ́yìnkùlé wa, kò sí rí. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀ láti fi mú ẹni tó ń jí iṣẹ́ mi. Ẹ yẹ ìwé ẹnìkejì mi wò. Mo fọwọ́ sí i.

Mo tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Akọ̀wé ní ó rìnrìn-àjò, Ọjọ́bọ̀ ní aago mẹ́jọ ni yóò dé.

Ọjọ́rú, 22

Súfèé mú ìdajì búrẹ́dì wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, “Ìgbín, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ti ìṣó yẹn ni, mo ti mọ káfíńtà náà. Jáde láàárọ̀ ọ̀la, n ó fi í han ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ àti Ìyá Onílé.” Mo ní ọwọ́ mi dí. Ó ní, “Ìgbà wo ni kì í dí?” Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Onílé ní kí n máa gbé ìwé mi jìnnà sí ibi tí wọ́n ń jẹun. Àràárọ̀ lòun ń fi ọwọ́ omi gbé e kúrò kóun tó nu tábìlì. Rọ́bà rẹ̀ tilẹ̀ já mọ́ òun lọ́wọ́, òun fi òmíràn dì í. “Má bínú, ọmọ mi.”

Mo dúró bí òpó.

Ṣùgbọ́n àkókó ńkọ́? Ẹni tó ń nu tábìlì kọ́ ló kọ àkókó sínú ìwé Súfèé.

Ọjọ́bọ̀, 23

Gbà-gbà-gbà. Mo rò pé ilẹ̀kùn mi ni. Mo ṣí i. Kò séèyàn. Mo tẹ̀ lé ìró náà dé ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ ẹyẹ, ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó débẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn.

Gbogbo àwọn tó wá pọn omi dúró, tàwọn ti korobá lọ́wọ́, wọ́n gbójú sókè. Súfèé fi ìka kan ètè, ó nawọ́ sí òpó. Ó wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ pupa, ó fi ìrù ti ara rẹ̀ mọ́ igi, ó ń gbá a bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ìyá Onílé ní, “Káfíńtà mi rèé.” Ó rọra sọ ọ́, kó má baà lé e.

Súfèé sún mọ́ mi. Ó ní láti bí ọ̀sẹ̀ kan lòun ti kọ ọ́ sílẹ̀. “Ìwọ ńkọ́, Ìgbín? O ti kọ ọ́?”

Mo ní mo ti kọ ọ́.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago méje báyìí. Aago mẹ́jọ ni Ọ̀gá Ẹyẹ yóò dé bá lẹ́tà mi lábẹ́ ilẹ̀kùn. Súfèé ní kí n ṣe kíá, ká jọ máa lọ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọn súfèé.