Ìtàkùn Tó Ti Ìsàlẹ̀ So

Muideen Àjàlá, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. O kú wàhálà Èkó o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ gba ìlera lọ́wọ́ rẹ. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, gbogbo Kemta ló sì ń béèrè rẹ. Ìwé ni mo kọ nítorí o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ìtàkùn eléso tí o rà ní Alábàtà, tí o gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa ní Iléyá èṣí ni. O ní ìtàkùn méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ti ìsàlẹ̀ ló ní gbòǹgbò tó le, ti òkè ló máa so èso aládùn, wọ́n wá fi láílọ́ọ̀nù di ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo ti ń tú àdìrẹ oníko láti kékeré, ọwọ́ yún mi títí kí n tú u wò, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ nítorí rẹ.

Nígbà tí mo sọ pé ẹ̀ka kan hù nísàlẹ̀ láílọ́ọ̀nù, o ní kí n fi fídíò orí fóònù fi í hàn ọ́. Mo gbé fóònù ti ìdí ìtàkùn náà, mo lọ kírun Àsárì kí o lè ráyè wò ó dáadáa. Nígbà tí mo dé, o ti lọ, ewúrẹ́ ló ń lá fóònù. O tún pè, o ní, "Màámi, ẹ gé gbogbo ohun tó bá hù nísàlẹ̀ láílọ́ọ̀nù, òun ló ń jẹ oúnjẹ ti òkè."

Muideen, mi ò gé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú ọ̀bẹ, àánú ṣe mí. Ẹni tó ń ru ti òkè láti ọjọ́ yìí, ṣé kò gbọdọ̀ bí tirẹ̀ ni? Ti òkè tí ò ń kẹ́, ewé mẹ́rin péré ló ní. Ti ìsàlẹ̀ ti gun ọgbà dé okùn tí mo ń sá aṣọ sí, ó sì ti so mẹ́ta. Harriet tá a jọ ń rẹ aṣọ tọ́ ọ̀kan wò, ó ní ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ní kò burú, èso ni.

Lọ́jọ́ tí ò ń gbìn ín, mo bi ọ́ pé ìgbà wo ni màá tún fojú kàn ọ́, o ní ọjọ́ tó bá so ni o máa dé. O ò sọ ti òkè, o ò sọ ti ìsàlẹ̀. Ó ti so, ọmọ mi, àárò rẹ sì ń sọ mí gan-an. Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, má fi ránṣẹ́ o, fi wọ mọ́tò wálé, kí o wá fọwọ́ ara rẹ gé e. Mo ti pọ́n ọ̀bẹ dè ọ́. Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ, á sì mú ọ dé ayọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Bùsírátù