Èékánná Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Àbúrò mi bá mi ra búlútúùtù tí wọ́n ń tì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Kò tóbi ju èékánná lọ, mo bá sọ ọ́ ní Èékánná. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi nílé ẹjọ́ ti gbó, kò ní tirẹ̀ nínú. Èékánná ni yóò máa gbé ohùn adájọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá, láìlo wáyà, sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn etí ọ̀tún mi. Etí òsì ti kú tipẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tẹ ìdájọ́. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ó ṣiṣẹ́! Adájọ́ olóhùn ààrá — mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ pàápàá.

Ọjọ́bọ̀, 6
Adájọ́ obìnrin, ẹni jẹ́jẹ́. Ohùn ń já. Gbólóhùn kan wọlé, ìkejì ò wọlé. Èékánná burúkú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo fo ìlà mẹ́ta nínú ìdájọ́. Agbẹjọ́rò ló rí i. Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, mi ò ní lè gbè yín mọ́." Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá yìí ní ìwé títẹ̀. Ojú gbà mí tì.

Ọjọ́ Ajé, 10
Oníkọ̀ǹpútà wá. Ó rẹ́rìn-ín: "Mà, ẹ há a mọ́ àárín irin àti ògiri, báwo ló ṣe fẹ́ mí?" Ó fi wáyà fà á wá síwájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife mi. Ẹ̀bi mi ni o. Mo bẹ Èékánná.

Ọjọ́rú, 12
Ó tún ń já. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13
Dókítà etí yẹ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wò, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó fẹ́ yẹ etí fúnra rẹ̀ wò. Mo ní mò ń kánjú. Ọkọ mi ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni yóò gba atẹ̀wé tí kò gbọ́ràn?

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pe ẹni tí tábìlì rẹ̀ kan tèmi. Mo ní kó so ẹ̀rọ etí tó fi ń gbọ́ orin mọ́ Èékánná, kí ó lè jẹ́rìí mi lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ohùn adájọ́ jẹ́jẹ́ yẹn náà ni mo ṣí fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó yọ ọ́ létí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Kò já rárá, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ti àkọ́kọ́.