Orí Mi Ni Eré Náà Wà

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ṣìfáwù, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìsẹ́yìn.

Òjò ò dá l'Ékòó níbí. Yàrá mi ní Ìsọlọ̀ ń jò, àmọ́ ẹ má sunkún, ọmọ yín ti di gbajúmọ̀. Tíṣà tó ní mi ò ní da nǹkan kan, ẹ bá mi kí i dáadáa. Gbogbo eré tí ẹgbẹ́ òṣèré wa ń ṣe, èmi ni mò ń rò ó. A kì í kọ ọ́ sí bébà. Màá sọ fún oníkálukú ohun tó máa sọ, ìgbà tó máa wọlé, ìgbà tó máa jáde, òun á wá fi iyọ̀ tiẹ̀ sí i.

Eré wa tuntun, lańdilọ́ọ̀dù kan ló po yanrìn púpọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, tí ilé fi wó pa àwọn ayálégbé. Inú orí mi ni mo ti rò ó. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ ṣe é, àfi bí Jímọ̀, tó ń ṣe lańdilọ́ọ̀dù, ṣe yọ ìnujú funfun, tó rọra ń nu àtàrí. Ni gbogbo èrò ìwòran bá pariwo orúkọ olówó kan l'Ókè-Àfá. Àṣé bó ṣe máa ń nu orí nìyẹn, ilé tiẹ̀ sì wó lóòótọ́. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí!

Lọ́jọ́ kejì olówó náà rán ọkùnrin kan sí wa. Onítọ̀hún ò pariwo. Ó kí wa, ó ní òun fẹ́ gba bébà eré yẹn, kóun lọ dáná sun ún. Ọ̀gá wa bú sẹ́rìn-ín, ó ní bébà wo, pé inú orí bọ̀bọ́ yìí ló wà. Ọkùnrin náà bi wá bóyá ó wà lórí ẹlòmíì. Jímọ̀ ní ibi tòun nìkan lòun mọ̀. Ẹnu mi ò lè dákẹ́: mo ní kò sí o, orí tèmi nìkan ni. Ó wo orí mi títí, bí ẹni tó fẹ́ ra àgbọn. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Látìgbà yẹn, mọ́tò dúdú kan ń dúró níwájú ilé tí mò ń gbé. Ẹnì kankan kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀. Jímọ̀ ti sá lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀gá ní kí n wá máa sùn sílé òun, ìyàwó ẹ̀ ní rárá, pé àwọn lọ́mọ nílé.

Ẹ̀rù ò bà mí o. Àmọ́ mo ti ní kí oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí, kí gbogbo èèyàn kà á. Bí eré náà ṣe parí nìyí: ilé wó, igbe sọ, igbe dákẹ́. Lańdilọ́ọ̀dù gun orí òkìtì, ó nu àtàrí, ó béèrè ta ló máa san owó ilé oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ sọ ọ́ fún Ṣìfáwù, kó sọ ọ́ fáwọn ọmọ ẹ̀. Kó má jẹ́ orí tèmi nìkan ló wà.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ríbi. Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì, ẹni tó ro eré náà.