Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Ológbò Inú Kọ̀ǹpútà

Nusaibah ọmọ mi,

Asàlámù àléékúmù. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ́dá. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ wa ire níbí, kí Ọlọ́run jẹ́ kó máa mọ́ yín ire níbẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ó sì ní kí n kọ ìyẹn ṣáájú ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ti kọ ọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní àwọn ọmọ iléèwé yín mọ bí wọ́n ṣe ń to àwọn ègé aláwọ̀ mèremère pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà kí ológbò inú rẹ̀ lè rìn, ṣùgbọ́n ó tó àkókò kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ àṣẹ tí ègé kọ̀ọ̀kan dúró fún ní ọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Festus, olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ, kó àwọn ègé náà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì kíláàsì bú sẹ́kún. Ìwọ ni wàá dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní Gowon Estate lọ́jọ́ Sátidé, bí kò bá sì yọrí, Festus ni wọn yóò gbé iṣẹ́ rẹ fún. O wá bi mí, èmi ọ̀gá iléèwé àtijọ́, bí mo ṣe máa ń mú ọmọ kúrò lórí òkúta kíkà bọ́ sórí ìṣirò inú ìwé.

N kò fẹ́ dáhùn láìmọ ológbò náà. Mo lọ bá Esther, agùnbánirọ̀ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká. Mo bi í pé kí ni ológbò náà ń jẹ, nítorí mi ò rí abọ́ kankan. Ó ní kì í jẹun. Mo rò pé ahun ni ọmọbìnrin náà. Mo jókòó, mo kọ̀wé sí ológbò bó ṣe yẹ ọmọlúàbí: àdírẹ́sì mi lókè lápá ọ̀tún, ọjọ́, ìkíni, mo sì ní inú mi yóò dùn bó bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá nígbà tó bá ráyè. Kọ̀ǹpútà fi ìlà pupa fèsì pé àṣìṣe wà ní ìlà kìíní. Àdírẹ́sì mi ni ìlà kìíní. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní lẹ́tà kíkọ. Mo mú fìlà mi, ó di ilé.

Esther ní kí bàbá rọra jókòó jàre. Ó to ègé sápá òsì, ó ní kí n máa wò ó, kí n máa kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sápá ọ̀tún. Kò kó wọn kúrò títí èmi fúnra mi fi gbàgbé láti wò wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, ológbò rìn. Mo kí i kú ìrìn.

Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Nusaibah, n kò mú ọmọ kankan kúrò lórí òkúta rí. Mo já òkúta gbà lọ́wọ́ yín ni. Ọjọ́ tí ẹ wọ Pírámárì Kẹta, mo da gbogbo rẹ̀ sódò, mo sì na ẹni tó bá fi ìka kà. Ìwọ ń fi ìka ẹsẹ̀ kà lábẹ́ tábìlì, mo rí i tó ń mì, mo nà ọ́. Mo na Abdulganiyy tó jókòó tì ọ́ pẹ̀lú, kò sì padà wá síléèwé mọ́. Ó ti di bíríkìlà báyìí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní Jímọ̀ tó kọjá. Ó ní òun ti dárí jì mí, kí n ṣá bá òun ka bíríkì tó wà nílẹ̀ láìlo ìka. Mo ṣì í kà.

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ yín fi ègé àti ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi ègé sílẹ̀. Bí Festus bá ní ẹ ń fi àkókò ṣòfò, ka lẹ́tà yìí fún un, má sì fi orúkọ mi pamọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó epo ránṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ Esther la fi ń jí ológbò, mo sì ti jó epo rẹ̀ tán; ìyẹ̀wù ni mo ń sá sí bó bá ń kọjá.

Kí Ọlọ́run fi ẹnu rẹ ṣe ẹnu tí wọn yóò gbọ́ lọ́jọ́ náà, kó má jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni sunkún lọ́dọ̀ rẹ. Awakọ̀ elélùbọ́ yóò fún ọ ní àpò kékeré kan ní Ṣáṣá. Òkúta odò ni, èmi ni mo wọ odò lọ ṣà á. Ogún ni. Mo fi ìka ọwọ́ kà á, mo fi ti ẹsẹ̀ parí rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jàfárù Oyèníran